Iṣẹ́ Ìsìn Kì Í Ṣe ti Fadá Nìkan

Àga bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń sọ ilé ìsìn di kàtídírà. Ṣùgbọ́n bí bíṣọ́ọ̀bù bá lọ bẹ ìjọ mìíràn wò, tí àga náà ṣófo, ta ni yóò gbálẹ̀ ní Sátidé? Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù?

Ní nǹkan bí ọdún 155 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Justin Mímọ́ kọ̀wé ní Róòmù pé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, àwọn díákónì a máa gbé Oúnjẹ Mímọ́ lọ fún àwọn tí kò lè wá. Owó tí ìjọ dá a sì máa lọ fún opó, ọmọ òrukàn àti aláìsàn.

Ní Èkó ńkọ́? Kí Fadá Borghero tó dé ibẹ̀ ní 1863, Padre Antonio ti ń kó àwọn Àgùdà tí ó ti oko ẹrú bọ̀ jọ fún àdúrà. Kì í ṣe fadá rárá, ẹnu àwọn ènìyàn ni ó sọ ọ́ di Padre. Láti ara ìjọ kékeré yẹn ni ti Kàtídírà Holy Cross ti dàgbà.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó wọkọ̀ lẹ́yìn Mísà, ẹ bi katikíìsì yín: ìyá àgbà wo ni a kò rí lónìí?