Ẹ Fi Ọwọ́ Bo Àwòrán

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ ni mo máa ń pa òwe yìí fún. N kò mọ̀ pé èmi gan-an ló ń bá wí.

Àkọ́bí mi wà ní kíláàsì kẹta nílé ìwé ìjọba ní Houston. Máàkì tó ń mú bọ̀ wálé dára, ọkàn mi sì balẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́, mo ní kó ka ìwé rẹ̀ sí mi létí. Wọ́n ya ẹṣin kékeré kan sójú ewé náà. "Pony" ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ní "horse". Mo fi ọwọ́ bo àwòrán, mo ní kó tún un kà. Ó dákẹ́. Ó wá ń wò mí lójú, àfi bí ẹni pé iwájú orí mi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àṣé àwòrán lọmọ ń kà láti ọjọ́ yìí!

Kì í ṣe ilé mi nìkan. Nínú ìdánwò ìwé kíkà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin lọ́dún 2024, bí 31 péré nínú ọmọ 100 ló dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Bí 40 ni kò tilẹ̀ dé ìpele tó kéré jù. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ti kọ́ ọmọ fún ìgbà pípẹ́ pé kó wo àwòrán, kó méfò ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀. Ìpínlẹ̀ Mississippi, tó ti wà nísàlẹ̀ tipẹ́, ṣòfin lórí ìwé kíkà lọ́dún 2013, wọ́n sì kọ́ àwọn tíṣà wọn láti máa fi ìró lẹ́tà kọ́ ọmọ. Nígbà tó fi di 2019, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin wọn ti bá ìyókù orílẹ̀-èdè dọ́gba. Kí ni ìró lẹ́tà bí kò ṣe b-á, bá tí àwa tá a ka Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ ti ń pariwo lábẹ́ òrùlé páànù?

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń gbà lálẹ́. Kí ọmọ máa kà sókè, kí ẹ̀yin máa gbọ́. Ìwé kò wọ́n: ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń yá a ní láíbìrì ìjọba. Ẹ má fi iṣẹ́ òru ṣe àwáwí. Nọ́ọ̀sì nìyàwó mi, orí fóònù ló ti ń gbọ́ ojú ewé méjì tirẹ̀ tó bá ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má sì tìtorí Gẹ̀ẹ́sì gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ. Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ nì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ní tíṣà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò jó rẹ̀yìn.

Bí ẹ bá ń gbìyànjú tí nǹkan kò yí padà, ẹ lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má lọ jókòó bí àlejò. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi déètì sí i, ẹ ní kí wọ́n yẹ ọmọ wò bóyá ó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1975 gbè yín lẹ́yìn, wọn kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, dandan ni kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Àmọ́ kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ pe ọmọ náà wá lálẹ́ òní, ẹ bo àwòrán, ẹ ní kó kà.