Ìtọ́jú Àkójọ Ọ̀bẹ Àpò Nínú Ilé

Ọ̀bẹ àpò kéré lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré. Òun ni ọ̀bẹ tí a ń ká ojú rẹ̀ bọ inú èèkù, tí ènìyàn sì lè fi sínú àpò aṣọ láìjẹ́ pé ó gún un lára. Àgbẹ̀ a máa fi í bó ọsàn ní oko. Gbẹ́nàgbẹ́nà a máa fi í gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀. Aránṣọ a máa fi í gé òwú. Yàtọ̀ sí àwọn tí ń lò ó báyìí, àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń kó o jọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń kó owó àtijọ́ jọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi gé nǹkan. Ohun tí ó wù wọ́n ni pé ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀: ìlú tí a ti rọ ọ́, ìgbà tí a rọ ọ́, àti ọwọ́ tí ó ti lò ó.

Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Solingen ní ilẹ̀ Jámánì ti lókìkí fún ọ̀bẹ rírọ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1851, ilé-iṣẹ́ Joseph Rodgers ní Sheffield ṣe ọ̀bẹ àpò kan ṣoṣo tí ojú àti irin-iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ 75. Ní ilẹ̀ Switzerland, ọdún 1891 ni àwọn ọmọ-ogun bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀bẹ àpò. Ó ní ojú tí ń gé nǹkan, irin tí a fi ń ṣí agolo oúnjẹ, irin tí a fi ń lu ihò, àti irin tí a fi ń tú ìbọn palẹ̀. Solingen ni wọ́n ti kọ́kọ́ rọ wọ́n, nítorí kò sí alágbẹ̀dẹ kan ní Switzerland tí ó lè ṣe iye tí wọ́n fẹ́ nígbà náà. Karl Elsener, ará Ibach, ni ó gbé iṣẹ́ náà wá sílé. Ní ọdún 1897 ó sì gbé ọ̀bẹ àwọn ọ̀gágun jáde, èyí tí í ṣe baba ńlá ọ̀bẹ pupa tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ẹni tí ó bá ní irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ nílé, ìwé ìtàn ni ó ní.

Ṣùgbọ́n kíkó ọ̀bẹ jọ kò ṣòro tó títọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà sì papò dà, ó fi ọ̀bẹ àpò mẹ́jọ sílẹ̀ fún un. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá náà fín lẹ́tà méjì ti orúkọ rẹ̀ sí lójú ní ọdún tí ó gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ yìí fẹ́ràn bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun ṣe àwọn ọ̀bẹ náà. Ó ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú àkọ̀ awọ, ó kó gbogbo wọn sínú àpótí kan, ó dé e pinpin, ó sì tì í sí abẹ́ ibùsùn lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn òjò ọdún mẹ́ta, ó ṣí àpótí náà kí ó lè fi ohun ìní bàbá àgbà han ọmọbìnrin rẹ̀. Ìpáàrà ti jẹ mẹ́fà nínú wọn. Lẹ́tà méjèèjì ti parẹ́. Olè kankan kò wọ ilé náà. Ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ nínú ni ó ba àwọn ọ̀bẹ náà jẹ́.

Kí ni ó pa wọ́n? Ohun mẹ́ta ni. Èkínní ni ọ̀rinrin. Níbi tí irin, afẹ́fẹ́ àti omi bá ti pàdé, ìpáàrà kò ní ṣàì dé. Kò dìgbà tí a bá da omi sí ọ̀bẹ lára. Ọ̀rinrin tí ń bẹ nínú afẹ́fẹ́ ní àkókò òjò tó o ṣe. Iyọ̀ sì wà nínú òógùn ọwọ́ ènìyàn, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí a bá fi ìka kàn lè dípẹtà kí oṣù tó yí po. Lóòótọ́, ní ọdún 1913, Harry Brearley ti Sheffield ṣe irú irin kan tí kì í tètè dípẹtà, ṣùgbọ́n ‘kì í tètè’ kì í ṣe ‘kì í’. Púpọ̀ nínú ọ̀bẹ àtijọ́ ni kì í sìí ṣe irú irin náà.

Èkejì ni àkọ̀ awọ. Awọ a máa fa ọ̀rinrin mu, ohun tí wọ́n sì fi ṣe é kí ó má baà jẹrà ṣì wà nínú rẹ̀, tí yóò máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Àkọ̀ dára fún ìrìn-àjò. Kò dára fún ibùgbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí tí a fi irú igi kan bí igi óókù ti ilẹ̀ Òyìnbó kàn: èéfín kíkan bí ti ọtí kíkan a máa jáde lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, ni aládùúgbò búburú. Ọ̀kan nínú ọ̀bẹ mẹ́jọ náà ní èèkù aláràbarà, tí ó ń dán bí eepo ìjàpá. Kì í ṣe eepo ìjàpá rárá. Sẹ́lúlọ́ìdì ni, ohun tí àwọn oníṣẹ́ fi òwú, ásíìdì àti kánfọ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń lò dípò eyín erin àti eepo ìjàpá láti apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Bí ó bá gbó, yóò máa tú èéfín tí ń jẹ irin. Ojú ọ̀bẹ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dípẹtà. Èèkù náà yóò sún kì, yóò sì sán. Bí inú àpótí tí a dé pinpin ni ó wà, gbogbo ará ilé ni yóò pín nínú ìyà náà. Iná sì máa ń tètè ràn mọ́ ọn. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni kí a fi irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí ó sì jìnnà sí iná.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú ọ̀bẹ rẹ̀ dáadáa yóò kọ́kọ́ ṣí i, yóò sì fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nù ún tinú tòde. Lẹ́yìn èyí, yóò kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ kan sí oríkèé rẹ̀, yóò sì fi díẹ̀ pa ojú irin náà fẹ́ẹ́rẹ́. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí wọn a máa kan, wọn a sì máa lẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi páálí ìha-igi ha ojú ọ̀bẹ àtijọ́ kí ó baà lè dán. Àmì ẹni tí ó rọ ọ́ wà ní ìdí ojú náà, ẹni tí ó bá sì ha á dànù ti fa ìwé ẹ̀rí ọ̀bẹ náà ya.

Dúrọ́ọ̀ tí kò jìn, tí ó ga kúrò nílẹ̀, ni ibùgbé tí ó dára jù. Kí a tẹ́ aṣọ òwú funfun tí a ti fọ̀ sínú rẹ̀, kí a sì to àwọn ọ̀bẹ náà kí ọ̀kan má baà kan èkejì. Àpò pélébé kékeré oníhóró tí a máa ń rí nínú páálí bàtà tuntun wúlò níbẹ̀, nítorí a máa mu ọ̀rinrin. Bí ó bá ti mu ún yó, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Lóṣooṣù ní àkókò òjò, kí a yẹ gbogbo wọn wò. Ní àkókò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, èèkù onígi àti oníwo ni kí a ṣọ́, kí wọ́n má baà sán.

Bí a bá fẹ́ kí àlejò rí wọn, férémù onígíláàsì lára ògiri ni ó yẹ, níbi tí oòrùn kò ti lè pa á, tí ó sì jìnnà sí ilé ìdáná. Kí a de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ dáadáa, kí a tò wọ́n ní ìlú-ìlú tàbí ní ọdún-ọdún, kí a sì kọ orúkọ sí abẹ́ wọn. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ ṣàìsí lẹ́nu férémù náà, nítorí ohun tí ń dán a máa fa ojú ọmọdé, ọ̀bẹ kì í sì í mọ ọwọ́ ọmọ olówó rẹ̀ yàtọ̀. Ilé ni kí àkójọ ọ̀bẹ máa gbé. Kò ní iṣẹ́ ní ilé-ìwé tàbí ní àwùjọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, òfin ọdún 1988 kò gba ènìyàn láyè láti mú ọ̀bẹ àpò tí ojú rẹ̀ gùn ju ínǹṣì mẹ́ta lọ rìn ní gbangba láìní ìdí tí ó yè kooro.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí òróró kò lè ṣe: ìwé àkọsílẹ̀. Ọkùnrin inú àpẹẹrẹ wa ra ìwé kékeré kan. Ó tọ́jú ọ̀bẹ méjì tí ó yè, ó sì nu èyí tí lẹ́tà ti parẹ́ lára rẹ̀ bí ó ti lè mọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ irú lẹ́tà tí ó wà níbẹ̀, ọwọ́ tí ó fín wọn, àti ọdún rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ sì kọ orúkọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò gba ọ̀bẹ náà lẹ́yìn ọ̀la. Àwọn àgbà sọ pé bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè tọ́jú ara rẹ̀. Ẹni tí ó jogún rẹ̀ ni iṣẹ́ náà já lé léjìká.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí wọ́n fi kọ́kọ́ rọ ọ̀bẹ àwọn ọmọ-ogun Switzerland ní Solingen?
2. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó ba ọ̀bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà náà jẹ́.
3. Ṣàlàyé gbólóhùn yìí: ‘Àkọ̀ dára fún ìrìn-àjò, kò dára fún ibùgbé.’
4. Kọ àròkọ kan lórí ohun ìní kan tí àwọn òbí àgbà fi sílẹ̀ ní ilé rẹ, àti bí ó ti yẹ kí a tọ́jú rẹ̀.