Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: KỌ́KỌ́RỌ́ ONÍLÉ ÀTI YÀRÁ AYÁLÉGBÉ

Lónìí, a ó kọ́ bí a ti í fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiwa. Ètò ni ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ṣe iṣẹ́. Òmíràn wà fún ìwé kíkọ, òmíràn wà fún ìṣirò, òmíràn sì wà fún íntánẹ́ẹ̀tì.

Kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows dà bí ilé tí ayálégbé pọ̀ sí. Onílé ibẹ̀ ni à ń pè ní alábòójútó. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n ń pè ní páswọ́ọ̀dù.

Ayálégbé lè to ẹrù sí yàrá rẹ̀ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kò lè wó ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ̀ǹpútà ni ibi tí wọ́n kọ Program Files sí. Ètò tí gbogbo ènìyàn ń lò ló wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ Users sí ni yàrá olúkúlùkù wà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ètò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn díẹ̀, á wá béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí alábòójútó. Ẹ má fòyà, kò bàjẹ́ o. Aṣọ́nà ni. Láti ìgbà Windows Vista, tó dé ọjà ní 2007, ló ti wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kíláàsì wa ní, àwa la sì jẹ́ onílé rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun fẹ́ fi ètò tí a fi ń gbọ́ orin sí i. Ó bẹ̀ wá títí. Ojú tì wá láti sọ pé rárá, la bá fún un ní ọ̀rọ̀ àṣírí wa. Inú flash tó yá lọ́wọ́ ẹnì kan ló ti mú ètò náà, kòkòrò tí ń ba fáìlì jẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Nítorí pé kọ́kọ́rọ́ onílé ló fi wọlé, kò sí yàrá tí kò dé. Ìyá aláṣọ kan ti fi oṣù mẹ́ta tẹ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, ìka kan ìka kan. Gbogbo rẹ̀ ló ṣègbé. Ìyá náà kò bú wa, ṣùgbọ́n ara wa kò gbà á. Ẹ̀bi wa ni.

Kí ni kí ẹ ṣe nígbà náà?

1. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá onílé fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kò gbà kí òṣìṣẹ́ fi ètò kankan sí kọ̀ǹpútà wọn, ì báà jẹ́ ní yàrá tirẹ̀.

2. Ẹ wá ètò tó lè gbé yàrá yín. Bí ẹ bá ń fi Firefox tàbí Chrome sí i, tí aṣọ́nà dé, tí ẹ tẹ No, ètò náà lè wọ yàrá yín nìkan.

3. Ẹ wá ètò tí wọ́n kọ Portable sí lára. Irú èyí kì í gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ rárá. Ẹ lè ṣí i láti orí flash yín. LibreOffice, tí a fi ń kọ lẹ́tà, ní irú rẹ̀.

4. Ètò tí ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sábà máa ń fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ pe onílé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí.

Ẹ máa mú ètò láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Kòkòrò kò nílò kọ́kọ́rọ́ onílé kó tó ba yàrá tiyín jẹ́. Ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà ìwé yín sí ibòmíràn.

Ẹ má jí kọ́kọ́rọ́ o. Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ojú àánú tọrẹ. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

ÌBÉÈRÈ
1. Ta ni onílé kọ̀ǹpútà?
2. Kí ló dé tí kòkòrò náà fi wọ gbogbo yàrá?
3. Ètò wo la lè ṣí láti orí flash?
4. Bí ọ̀rẹ́ yín bá bẹ̀ yín fún ọ̀rọ̀ àṣírí, kí lẹ ó wí?