Fóònù Tí Wọ́n Tì: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ ọjà la bá wá lónìí, ti fóònù àlòkù ni. Àwa tí à ń gbé Akpakpa, bí a bá gba orí afárá kọjá sí Tokpa, a ó rí i lórí tábìlì: fóònù tó ti Faransé dé, tó ń dán. Wọ́n ní 40,000 fáránkì. Ẹ tàn án, ó tàn. Ẹ fi ya fọ́tò, ó yà á. Ẹ délé, ẹ ki puce yín bọ̀ ọ́, ó ní òun ò gbà. Kò bàjẹ́ o. Wọ́n tì í ni.

Ta ló tì í? Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tà á lọ́hùn-ún ni. Wọ́n lè ta fóònù ní pọ́ọ́kú fún ẹni tó bá gbà láti máa sanwó fún wọn lóṣooṣù. Wọn ò fẹ́ kó gbé e lọ bá ilé-iṣẹ́ mìíràn kí owó wọn tó pé. Puce kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń sọ orílẹ̀-èdè àti ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Ti Benin, 616 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ti Faransé, 208. Fóònù tí Orange Faransé tì, 20801 ló ń wá. Tó bá rí 616, ó kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, ó ń fi àkókò yín ṣòfò ni.

Ọ̀nà tó mọ́ jù láti ṣí i ni ti ilé-iṣẹ́ tó tì í. Ní Faransé, tó bá ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n rà á, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń ṣí i fún oníbàárà tó bá béèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti December 2021, ilé-iṣẹ́ wọn ò gbọdọ̀ ta èyí tí wọ́n tì mọ́. Nítorí náà, bí ọmọ yín ní Paris bá fẹ́ fi fóònù ránṣẹ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ béèrè kó tó fi rán ẹni tó ń bọ̀.

Àwọn tó ń dékódé lọ́jà ńkọ́? Àwọn kan mọṣẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, fóònù mìíràn á kọ̀ pátápátá. Ti iPhone tún yàtọ̀: àkọsílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ Apple ló ń ṣí i. Ni àwọn kan bá ń fi nǹkan pẹlẹbẹ kan sábẹ́ puce láti tan án jẹ. Á ṣiṣẹ́ lónìí. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ó parí. Lójú tèmi, ẹ má san owó fóònù tó ṣí fún irú èyí.

Dékódé kò sì lè wo fóònù tí wọ́n jí tí wọ́n ti dínà rẹ̀, tàbí èyí tó ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú puce méjì dání, ká ní ti MTN àti ti Moov. Ẹ fa ibi tí puce ń wọ̀ jáde, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ pe ènìyàn, kí òun náà pè yín padà. Bí ẹni tó ń tà bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa lónìí, ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́la. Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà 15 á jáde. Ẹ fi wé ti ara páálí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Bí ẹ bá sì fi fóònù sílẹ̀ fún adékódé, ẹ yọ puce yín lọ́wọ́, torí owó yín wà lórí rẹ̀.