Epo tó bá oríkèé ike mu

Ẹ wo apá yín. Ẹ ká a, kí ẹ tún nà án. Ibi tó ká yẹn ni à ń pè ní oríkèé. Àwọn ohun èlò ilé wa náà ní oríkèé tiwọn. Ìdérí kúlà oúnjẹ ní oríkèé. Àpótí ike tí à ń kó oògùn sí ní oríkèé. Ẹsẹ̀ àtùpà ike, èyí tí à ń ṣí tí à ń pa dé, òun náà ní oríkèé.

Bí oríkèé ike bá le, tí kò fẹ́ ṣí mọ́, kí ni a ó ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní, “Ẹ bá mi kán epo sí i.” Ó dára. Ṣùgbọ́n epo wo? Ìbéèrè yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí.

Àṣìṣe tí àwa fúnra wa ṣe

Ọdún púpọ̀ ni a fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni a ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́ nígbà náà. Bí ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ bá ń ké, epo ẹ́ńjìnnì ni à ń kán sí i. Bí irin bá dípẹtà, kẹrosíìnì la fi ń tú u. A wá rò pé ohun tí irin fẹ́ ni ike náà fẹ́.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alẹ́ fún àwọn àgbàlagbà, àtùpà ike kan ṣoṣo ni kíláàsì wa ní. Oòrùn ni ó ń fún un ní agbára lọ́sàn-án. Nígbà ọyẹ́, eruku wọ oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì le. A fi òwú tó rin fún bẹntiróòlù nù ún. Lójú ẹsẹ̀, ó rọ̀. Inú wa dùn.

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, a rí ìlà tín-ín-rín bí irun lára ike náà. A kò kà á sí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí a ti ń ṣí i, ó kán. Àtùpà ṣubú, iná kú. Àgbàlagbà 17 jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí a tó rí owó ra òmíràn. Àwọn méjì tí ojú ti ń tì tẹ́lẹ̀ kò padà wá mọ́. Ìyẹn dùn wá ju owó àtùpà lọ.

Ìdí tó fi kán

Irin a máa dípẹtà. Epo kì í jẹ́ kí omi kàn án, ìdí nìyẹn tí epo fi dára fún irin. Ike kì í dípẹtà. Eruku, ṣúgà, ọbẹ̀ tó gbẹ, àti epo àtijọ́ tó ti di bí àtè, àwọn ni wọ́n sábà máa ń mú oríkèé ike le.

Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti tínnà tí àwọn tó ń kun ilé ń lò a máa wọ inú ike líle díẹ̀díẹ̀. Wọn a gba agbára rẹ̀. Ibi tí à ń tẹ̀ tí à ń fà ni yóò kọ́kọ́ là. Oríkèé sì ni ibi tí à ń tẹ̀ jù.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ bi wá léèrè ní kíláàsì. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣebí inú kẹ́ẹ̀gì ike la ń ra kẹrosíìnì sí? Kí ló dé tí kẹ́ẹ̀gì kì í kán?”

A ní, “Ìyá wa, ṣé gbogbo isu la fi ń gún iyán?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Rárá o. Ewùrà la fi ń se ìkọ́kọrẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ike rí. Orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìran wọn yàtọ̀. Ike kẹ́ẹ̀gì lè gba kẹrosíìnì dúró. Ọ̀pọ̀ ike líle tó ń dán, àti èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, kò lè gbà á. Ojú lásán kì í sábà mọ ìyàtọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ má fi wọ́n sí oríkèé ike kankan.

Epo pupa àti òróró ńkọ́? Bí ó bá pẹ́, wọn a kan, wọn a lẹ̀ bí àtè, wọn a sì kó eruku àti èèrà jọ. Oríkèé náà yóò le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Fasilíìnì àti gíríìsì ọkọ̀ pẹ̀lú lè mú kí rọ́bà tó yí ẹnu ìdérí ká wú, kó sì bàjẹ́.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

1. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ lo omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ àtùpà, ẹ pa iná rẹ̀, ẹ má sì kì í bọ omi. Aṣọ tó rin díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibí ni iṣẹ́ parí sí.

2. Bí ó bá ṣì le, ẹ wá epo silikóònù. Báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́ sára agolo: SILICONE. Lẹ́tà mẹ́jọ ni. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ PLASTIC sí, nítorí pé wọ́n fi nǹkan bíi bẹntiróòlù po àwọn kan nínú wọn. Agolo náà gbọ́dọ̀ sọ pé ó dára fún ike. Bí Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ kò bá yé yín, ẹ fi han ẹni tó gbọ́ ọ kí ẹ tó sanwó.

3. Bí oríkèé náà bá wà nítòsí oúnjẹ, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ FOOD GRADE sí. Bí ẹ kò bá rí i, ọṣẹ àti omi ti tó.

4. Ẹ dán an wò ní kọ̀rọ̀. Ẹ kán ẹ̀kán kan síbi tí ojú kò tó, kó di ọjọ́ kejì. Bí ike náà bá ń lẹ̀, tàbí tó funfun, tàbí tó ní ìlà, ẹ nù ún kúrò, ẹ má lò ó.

5. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kán díẹ̀ sí oríkèé náà. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, bíi ìgbà mẹ́wàá. Ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù.

6. Bí agolo náà bá jẹ́ èyí tí à ń tẹ̀ lórí kí epo tó fín jáde, ẹ má lò ó nítòsí iná tàbí sìgá, ó lè gbiná. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Ẹ má fi agbára ṣí oríkèé tó le. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Láìpẹ́ yìí, ìyá ẹlẹ́kọ lọ ra epo fún ìdérí kúlà rẹ̀. Ẹni tó ń tajà gbé agolo kan fún un, ó ní, “Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.” Ìyá wò ó, ó ka lẹ́tà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí SILICONE níbẹ̀. Ó dá agolo náà padà, ó padà wálé, ó fi ọṣẹ fọ ìdérí kúlà rẹ̀. Ó sì rọ̀. Ẹ ò rí i pé ìwé kíkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó sábà máa ń mú oríkèé ike le?
2. Kí ló dé tí bẹntiróòlù kò fi dára fún un?
3. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ ó wá lára agolo? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
4. Ẹ wá oríkèé ike kan nílé yín tó le. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe sí i?