Bí A Ṣe Ń Gba Ohùn Gìtá Sílẹ̀ Nínú Ilé

Bí ènìyàn bá jókòó ti ẹni tí ó mọ gìtá í ta, ohùn okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà a máa dùn mọ́ ọn létí. Ṣùgbọ́n bí a bá gba orin kan náà sínú ẹ̀rọ, tí a sì tún un gbọ́, ó lè jẹ́ pé ohun mìíràn ni a ó bá níbẹ̀: ohùn tí ó ń kùn bí ẹni ń lu àgbá òfìfo, tàbí èyí tí ó jìnnà bí ẹni pé láti inú kànga ni ó ti ń bọ̀. Ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń dá lẹ́bi nígbà náà. Wọn a ní máíkì àwọn kò dára, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa owó jọ láti ra òmíràn. Ní tèmi, ẹ̀rọ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ohun tí ó fà á ni pé etí ènìyàn àti máíkì kì í gbọ́ràn bákan náà. Etí a máa ṣà. Bí a bá wà ní ọjà tí ariwo gba ibẹ̀ kan, a ṣì lè gbọ́ ohun tí ẹnì kejì wa ń sọ, nítorí pé ọkàn wa ti yan ohùn rẹ̀, ó sì ti ti ìyókù sẹ́yìn. Máíkì kò ní ọkàn. Gbogbo ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbé dé iwájú rẹ̀ ni ó ń gbà: ohùn okùn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, fáànù tí ń yí lókè àjà, èémí ẹni tí ń ta gìtá, àti gbohùngbohùn tí ògiri ń dá padà. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ọkàn máa ń bá wa ṣe láìjẹ́ pé a mọ̀, àwa fúnra wa ni a ní láti fi ọwọ́ ṣe é kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí a kò bá ṣe é, orin tí a fi oṣù mẹ́ta kọ́ yóò wọ inú ẹ̀rọ pẹ̀lú àbùkù, ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò sì fi àbùkù náà ṣe ìdájọ́ ọwọ́ wa.

Gìtá fúnra rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Okùn tí òógùn àti ìdọ̀tí ọwọ́ ti bò kì í dún ketekete mọ́, kò sì sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe sí i. Ó dára kí a pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ku ọjọ́ kan, nítorí okùn titun a máa nà, ohùn rẹ̀ a sì máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi fara balẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, igi gìtá a máa gbẹ, a sì máa súnkì. Ẹni tí ó bá fi gìtá rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ lè rí i pé ohùn tí ó tò sí i ní òwúrọ̀ ti yẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Nítorí náà, kí a máa yẹ okùn kọ̀ọ̀kan wò ṣáájú gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ ta orin náà.

Ọ̀rọ̀ kàn yàrá wàyí. Ẹ dúró ní àárín yàrá tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìró rẹ̀ bá ń ta kiri lára ògiri kí ó tó kú, ìró bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò bá gìtá yín wọ inú ẹ̀rọ. Yàrá tí a fi símẹ́ńtì rẹ́, tí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ ju àga lọ, ni ó burú jù. Èyí tí ibùsùn wà nínú rẹ̀, tí aṣọ pọ̀ nínú rẹ̀, tí kọ́tìnì rẹ̀ sì nípọn, ni ó sàn. Kúbùsù méjì tí a fi kọ́ sí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ń ta gìtá yóò ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Mo ti rí àwọn tí wọ́n lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri yíká. Làálàá asán ni. Páálí fúyẹ́ jù. Kò lè dí ariwo ìta lọ́nà, díẹ̀ báyìí ni ó sì lè fà mu nínú ìró tí ń ta padà. Kúbùsù pàápàá kò lè mú ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wúwo. Nítorí náà, kí a má ṣe jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, nítorí ibẹ̀ ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ ń kó jọ sí.

Síbẹ̀, èyí kì í ṣe òfin tí kò ní àyídà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1936, Robert Johnson, ọmọ Adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú orin blues, gba orin sílẹ̀ ní yàrá ilé ìtura kan ní ìlú San Antonio. Wọ́n ní ògiri ni ó kọjú sí nígbà tí ó ń ta gìtá. Àwọn kan ní ojú ni ó ń tì í. Àwọn mìíràn ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ògiri lè dá ohùn gìtá padà kí ó sì le sí i. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Ní ti ariwo, ẹ pa fáànù, kí ẹ yọ iná fìríìjì fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì bọ́ aago ọwọ́ àti aṣọ tí ó ní bọ́tìnnì tí ń ha ẹ̀yìn gìtá. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ lọ sùn.

Ibi tí a ó gbé máíkì sí ni ó gba sùúrù jù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ihò gìtá ni gbogbo ohùn ti ń jáde, nítorí náà wọn a ti máíkì mọ́ ẹnu ihò náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo pátákó ojú gìtá ni ó ń gbọ̀n tí ó sì ń mi afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ń ti ihò jáde ní tirẹ̀ a máa fún ohùn ìsàlẹ̀ ní agbára, pàápàá èyí tí ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ ni okùn karùn-ún, bí a bá tò ó dáadáa, ìgbà 110 ni ó ń gbọ̀n. Ìdí nìyí tí máíkì ẹnu ihò fi ń gbọ́ okùn ńlá bí ẹni tí ń pariwo, tí àwọn okùn tín-ín-rín a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.

Ibi tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni iwájú ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé àpótí rẹ̀, kí máíkì sì jìnnà tó rúlà ilé ẹ̀kọ́ kan, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 30. Kí ẹnì kan máa ta gìtá, kí ẹnì kejì fi hẹ́ẹ̀dífóònù sí etí kí ó sì máa sún máíkì díẹ̀díẹ̀. Bí ohùn bá ń kùn jù, kí ó sún un sí ìhà ọrùn. Bí ó bá tín-ín-rín jù, kí ó dá a padà sí ìhà àpótí. Bí a bá sún un mọ́ gìtá jù, ohùn ìsàlẹ̀ yóò wú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máíkì tí ń gbọ́ràn ní iwájú nìkan ṣe rí. Bí a bá sì fà á sẹ́yìn, yàrá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀. Ìwọ̀n ìka méjì péré lè yí ohùn padà ju bí máíkì titun yóò ti yí i padà lọ. Àwọn kan a máa lo máíkì méjì. Ṣùgbọ́n bí ohùn kò bá dé ọ̀dọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, apá kan nínú rẹ̀ lè pa apá kejì, orin náà a sì fẹ́lẹ́. Ẹni tí kò tíì lè fi ọ̀kan gba ohùn tí ó wù ú kò nílò èkejì.

Kí a tó gba orin sílẹ̀, kí a kọ́kọ́ ta ibi tí ó le jù nínú rẹ̀, kí a sì wo àmì inú kọ̀ǹpútà. Òdo ni òpin rẹ̀. Kí ohùn tí ó le jù dúró ní nǹkan bí 12 sí ìsàlẹ̀ òdo. Èyí tí ó bá kọjá òdo, orí rẹ̀ gé nìyẹn, kò sì ní àtúnṣe gidi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1982, Bruce Springsteen, akọrin ará Amẹ́ríkà, jókòó sí yàrá ibùsùn ní Colts Neck, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ó sì fi gìtá onígi àti ohùn ara rẹ̀ gba orin sílẹ̀. Ẹ̀rọ Teac kékeré tí ó lè gba ohùn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì kan ni ó lò, pẹ̀lú máíkì Shure SM57 méjì, irú èyí tí a ń bá pàdé lórí ìtàgé níbi gbogbo. Kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi kọ́ orin náà ni ó ṣe gbà á. Wọ́n tún orin náà gbà ní sítúdíò ńlá, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀ mọ́. Níkẹyìn, kásẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n sọ di àwo orin tí ń jẹ́ Nebraska, tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Inú àpò aṣọ ni ó ti ń gbé e kiri ṣáájú, láìsí pálí lára rẹ̀.

Ẹ má ṣe fara wé e ní ti àpò aṣọ. Kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, ẹ fi ẹ̀dà orin náà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ àga àti ẹsẹ̀ máíkì wà, kí ẹ sì kọ bí máíkì ti jìnnà sí gìtá tó sínú ìwé, nítorí bí ó bá ku ẹsẹ̀ orin kan tí ẹ ó gbà ní ọ̀la, ibi kan náà ni ẹ ó ti gbà á.