Awọ Ẹran Ọdẹ: Gbígbẹ Kọ́ Ni Ṣíṣe

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Aṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá ẹranko, tó fi àǹfààní sí ara ẹran, sí irun rẹ̀ àti sí awọ rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin jámáà mọ́sálásí, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kò ti inú tírà nìkan wá. Inú mọ́sálásí ilé-kéwú wa ló ti ṣẹlẹ̀.

OHUN TÓ FA Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Bàbá ọmọ kan nínú ilé-kéwú wa jẹ́ ọdẹ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó gbé awọ àgbọ̀nrín méjì wá, ó ní kí a tẹ́ wọn síwájú kí Imaamu máa kírun lórí wọn. Awọ náà gbẹ, wọ́n le kókó, irun wọn ń dán. Inú wa dùn, a ṣe àdúà fún un, a sì tẹ́ wọn. A kò bi í ní ìbéèrè kankan.

Nígbà tí òjò dé, páànù jò sórí wọn. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn gba inú mọ́sálásí, irun awọ sì ń já mọ́ iwájú orí ẹni tó bá forí kanlẹ̀. Ọmọ kan nínú kíláàsì kẹta na ọwọ́ sókè, ó ní: "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé awọ yìí mọ́?"

A ránṣẹ́ pe bàbá náà. Ó ní òun yìnbọn lu ọ̀kan, òun bá a láàyè, òun sì dúńbú rẹ̀ pẹ̀lú Bísímílláàhì. Èkejì, inú okùn tí òun dẹ ni òun ti bá a ní òwúrọ̀, ó ti kú. Ó ní: "Àfáà, mi ò fi ẹran rẹ̀ kan ẹnu, mi ò sì tà á. Awọ rẹ̀ nìkan ni mo bó." Òótọ́ ló sọ. Ó pa òfin ẹran mọ́. Òfin awọ ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Àwa tí a sì ń ka tírà Risala fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀, a kò rántí bi í léèrè nígbà tí ó gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà wa. Àṣìṣe wa ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ìbéèrè méjì ló yẹ kí á bi awọ kí á tó tẹ́ ẹ. Èkíní: báwo ni ẹran tó ni ín ṣe kú? Èkejì: kí ni a ṣe sí awọ náà lẹ́yìn tí a bó o?

1. IPÒ AWỌ NÍNÚ Ẹ̀SÌN WA

Nínú Súúrà An-Nahl, aaya 80, Ọlọ́hun ka awọ ẹran mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún ọmọ ènìyàn, pé nínú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń rí àgọ́ tó fúyẹ́ gbé ní ọjọ́ ìrìnàjò àti ní ọjọ́ tí wọ́n bá dúró. Orí awọ wà lára àwọn ibi tí wọ́n kọ Al-Kùránì sí ní ìgbà ayé Ànábì.

Nínú ilé Ànábì gan-an, iṣẹ́ awọ kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù. Zaynab bint Jahsh, ìyàwó Ànábì, máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awọ, ó sì ń fi èrè rẹ̀ ṣe sàráà. Nígbà tí Umar wọ yàrá Ànábì lọ́jọ́ kan, ìwọ̀nba ọkà báálì díẹ̀, èso qaraz díẹ̀, àti awọ kan tí a fi kọ́ ni ó rí níbẹ̀. Qaraz yìí ni àwọn Lárúbáwá fi ń ṣe awọ. Sàábé kan sì wà tí ń jẹ́ Sa'd al-Qaraz. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn nítorí pé ó ń ṣòwò qaraz. Òun ni Ládàánì mọ́sálásí Quba. Ẹ kò ha rí i bí? Ẹni tó ń ta ohun èlò awọ ló ń pe àwọn ènìyàn wá kírun.

2. ÌDÁJỌ́ AWỌ

Ṣíṣe awọ, tí Lárúbáwá ń pè ní dibáàgì, ni pé kí á fi ohun tó ń fa nǹkan pọ̀ mú omi àti ọ̀rá kúrò lára awọ, tí kò fi ní jẹrà mọ́, tí kò sì ní rùn mọ́.

Bí ẹran bá jẹ́ èyí tí a lè jẹ, tí a sì dúńbú rẹ̀ bí ó ti yẹ, awọ rẹ̀ mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dibáàgì ibẹ̀ wà fún pípamọ́, kí awọ má baà bàjẹ́.

Ẹran òkúǹbete, èyí tó kú fúnra rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ wà lórí awọ rẹ̀. Ibn Abbas gbà á wá pé Ànábì kọjá lára àgùntàn kan tó ti kú, tí wọ́n fi ta ẹni tí Maymunah dá sílẹ̀ lọ́rẹ. Ànábì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò mú awọ rẹ̀ kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n fi jàǹfààní. Wọ́n ní òkúǹbete ni. Ó dá wọn lóhùn pé jíjẹ rẹ̀ ni a ṣe ní èèwọ̀. Sawdah, ìyàwó Ànábì, náà sọ pé nígbà tí àgùntàn àwọn kan kú, àwọn ṣe awọ rẹ̀, àwọn sì ń rẹ èso sínú rẹ̀ fún mímu títí tó fi gbó.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe lo hádíìsì wọ̀nyí yàtọ̀ síra. Lọ́dọ̀ Imaamu Ṣafí'ì, gbogbo awọ tí a bá ṣe ti mọ́, àfi ti ajá àti ti ẹlẹ́dẹ̀. Lọ́dọ̀ Imaamu Abu Hanifa, àfi ti ẹlẹ́dẹ̀. Ní ojú-ọ̀nà Imaamu Maliki, èyí tí a ń tẹ̀lé níhìn-ín, ohun tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani tó kú ní ọdún 386 Hijira fi lélẹ̀ nínú Risala ni pé a lè fi awọ òkúǹbete tí a ti ṣe jàǹfààní, ṣùgbọ́n a kò ní kírun lórí rẹ̀, a kò sì ní tà á. Àwọn onímọ̀ wa ṣàlàyé pé ohun gbígbẹ tàbí omi ni a lè fi sínú rẹ̀.

Nípa ẹran ọdẹ, ẹ fi mẹ́rin yìí sọ́kàn:

(a) Kí ọdẹ dárúkọ Ọlọ́hun nígbà tí ó bá ń ta ọfà tàbí tó ń yìnbọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn tí ìbọn ti dé gbà pé ọta tó wọ ara ẹran wà ní ipò ọfà. Bí ó bá bá ẹran láàyè, kí ó dúńbú rẹ̀.

(b) Ẹran tó kú sínú okùn tàbí pàkúté láìsí dúńbú, òkúǹbete ni.

(d) Túùkú àti ìmàdò, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé inú igbó. Dibáàgì kò lè sọ awọ wọn di mímọ́.

(e) Awọ ẹkùn àti àwọn ẹranko apẹran-jẹ: hádíìsì wà tó kọ̀ fún wa láti máa jókòó lé e lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Risala fàyè gba ìrun lórí rẹ̀ bí a bá dúńbú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1985 lórí àwọn ẹranko tó ń parun kò gbà kí á dọdẹ ẹkùn. Ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀.

3. BÍ A ṢE Ń PA AWỌ MỌ́ LÁTI INÚ IGBÓ

Àṣà wa ni pé bí ọdẹ bá pa ẹran, iná ni yóò fi wí irun rẹ̀, awọ á sì bá ẹran lọ sínú ìkòkò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ awọ, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iná kàn án.

Kí ó má wọ́ ẹran nílẹ̀, nítorí òkúta a máa ha awọ. Kí ó la ikùn, kí ó sì máa fi ẹ̀ṣẹ́ ti awọ kúrò lára ẹran ju bí yóò ṣe máa fi ọ̀bẹ gé e lọ. Ibi tí ọ̀bẹ bá kàn ni yóò ya lẹ́yìn ọ̀la. Kí ó tẹ́ awọ sí ibòji kí ó tutù, kí ó má ká a jọ nígbà tó ṣì gbóná. Nínú ooru ilẹ̀ wa, láàárín wákàtí mélòó kan ni ìdíbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ó ha gbogbo ẹran àti ọ̀rá tó kù lára rẹ̀ dànù, nítorí iyọ̀ kì í wọ inú ọ̀rá. Kí ó wá da iyọ̀ bo ojú ibi tí ẹran wà tẹ́lẹ̀, kí ó dé gbogbo etí rẹ̀. Bí awọ bá wọn kílò 4, kí iyọ̀ má dín ní kílò 2. Kí ibi tó tẹ́ ẹ sí dagun díẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò. Ní ọjọ́ kejì, kí ó gbọn iyọ̀ tó ti rin dànù, kí ó fi òmíràn sí i. Lẹ́yìn èyí ni yóò nà án sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́.

Ibi tí bàbá ọdẹ wa ti ṣìnà nìyí. Inú oòrùn ló kan awọ mọ́ pákó, láìfi iyọ̀ sí i. Ojú awọ gbẹ kíákíá, inú rẹ̀ kò gbẹ. Ẹ tún gbọ́: awọ tí a fi iyọ̀ sí pàápàá, a kò tíì ṣe é. A kàn dá ìdíbàjẹ́ dúró ni. Bí omi bá tún kàn án, yóò padà di awọ tútù.

Ìkìlọ̀ kan: ẹran tí ẹ bá bá ní òkú nínú igbó, tí ẹ kò mọ ohun tó pa á, ẹ má bó awọ rẹ̀ rárá. Àrùn anthrax máa ń gba ara awọ wọ ènìyàn. Ní ọdún 2023, nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gánà, tí a sì rí i ní ìpínlẹ̀ Niger nílẹ̀ wa, ìjọba kìlọ̀ lórí pọ̀ǹmọ́ àti ẹran ìgbẹ́.

4. BÍ A ṢE Ń ṢE AWỌ

Ẹ rántí qaraz tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni, igi náà kan náà sì ni àwọn Hausa ń pè ní bàgàrúwà. Òun ni àwọn aláwọ Kánò àti Sókótó ń lò láti ayébáyé. Lára awọ tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní awọ Mòrókò, Kánò àti Sókótó ló ti wá, tí ràkúnmí gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí. Èkíní, a ó rẹ awọ sínú omi mímọ́ kí iyọ̀ lè jáde kí ó sì rọ̀. Èkejì, bí a kò bá fẹ́ irun, a ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú igi tàbí ẹfun ìkunlé fún ọjọ́ mélòó kan, títí irun yóò fi máa yọ bí a bá fi ọwọ́ fà á, a ó wá fi ọ̀bẹ tí kò mú ha á lórí ìtì igi. Bí a bá fẹ́ irun, a kò ní ṣe èyí. Ẹ̀kẹta, a ó fọ̀ ọ́ títí eérú yóò fi tán lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni dibáàgì gan-an. A ó gún èso bàgàrúwà, a ó pò ó mọ́ omi, a ó sì rẹ awọ sínú rẹ̀. Kí omi àkọ́kọ́ má le. Ojoojúmọ́ ni a ó máa fi kún un. Bí ó bá le jù ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú awọ nìkan ni yóò gbà á, yóò sì dí ọ̀nà mọ́ inú. Kí á máa rò ó lójoojúmọ́. Awọ ewúrẹ́ lè gba ọjọ́ díẹ̀. Awọ ẹfọ̀n tó nípọn a máa gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Láti mọ̀ bóyá ó ti jinná, ẹ gé etí rẹ̀ díẹ̀, ẹ wo àárín rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà funfun, ó kù.

Ẹ̀karùn-ún, a ó fọ̀ ọ́, a ó fi òrí tàbí òróró ẹ̀pà pa á, a ó sì máa nà án, a ó máa fi ọwọ́ ra á títí yóò fi gbẹ, kí ó má baà le.

Kí ló dé tí èso igi fi lè ṣe èyí? Ẹ jẹ obì, ẹ ó rí i pé nǹkan kan ń fa ahọ́n yín pọ̀. Irú nǹkan yẹn ló kún inú bàgàrúwà. Yóò di àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú awọ mú ṣinṣin, àwọn kòkòrò aìrí tí ń mú nǹkan jẹrà kò sì ní rí i jẹ mọ́.

Àwọn onímọ̀ Ṣafí'ì ní òṣùwọ̀n kan tó bá èyí mu: awọ tí a ti ṣe ni èyí tí a lè rẹ sínú omi tí òórùn àti ìdíbàjẹ́ kò fi ní padà sára rẹ̀. Wọ́n ní oòrùn àti iyẹ̀pẹ̀ nìkan kò tó. Òjò tó wọlé wa lọ́jọ́ náà ló fi òṣùwọ̀n yìí wọn awọ wa, ó sì jábọ́.

5. OHUN TÍ A ṢE

A kó awọ méjèèjì kúrò, a sì fọ ilẹ̀. Jámáà béèrè pé ìrun tí a ti kí sórí wọn ńkọ́? Ìdáhùn wà nínú Risala: ẹni tó kírun lórí ibi tí kò mọ́, yóò tún un kí bí àkókò ìrun náà kò bá tíì kọjá. A kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, àkókò àwọn ìrun yẹn sì ti lọ, nítorí náà a kò tún wọn kí.

Awọ tí a dúńbú mọ́ ní ti òfin, ọwọ́ ènìyàn ló bà á jẹ́. Èkejì kò mọ́, ó tún bàjẹ́. A ri méjèèjì mọ́lẹ̀, ó sì dùn wá, nítorí ẹ̀mí ẹran méjì ti lọ, awọ wọn sì ṣòfò.

Bàbá náà kò bínú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, ó mú awọ àgbọ̀nrín mìíràn wá, èyí tí ó dúńbú, tí ó fi iyọ̀ sí láti inú oko. A jọ gbé e lọ bá àwọn Hausa aláwọ ní Sábó. Nígbà tí ó dé, ó rọ̀ bí aṣọ. Orí rẹ̀ ni Imaamu wa ń kírun lónìí. Òjò tún ti kàn án lẹ́ẹ̀kan. A sá a, ó gbẹ, kò rùn.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní, kí Ó má jẹ́ kí ìmọ̀ wa parí sínú tírà. Kí Ó san ẹ̀san rere fún gbogbo ẹni tó ń fi ohun ọwọ́ rẹ̀ ran ilé Rẹ̀ lọ́wọ́. Aamin.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Ìbéèrè méjì wo ni a gbọ́dọ̀ béèrè nípa awọ kí á tó kírun lórí rẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín awọ gbígbẹ, awọ oníyọ̀ àti awọ tí a ti ṣe?
3. Kí ni Risala sọ nípa awọ òkúǹbete tí a ti ṣe?
4. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe Sa'd ní al-Qaraz?
5. Bàbá kan mú awọ ìmàdò tí a ti ṣe dáadáa wá sí mọ́sálásí. Báwo ni ẹ ó ṣe dá a lóhùn tí kò fi ní bínú?